Ta ló yẹ kó yan ohun tí wọ́n máa wádìí nípa afásíà?

Ìbéèrè: Ó ti lé lọ́dún méjì tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ọkọ mi. Ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì bọ̀ sípò. Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, kò ní jáde, tàbí kó jẹ́ pé òmíràn tí wọn ò rò rárá ló máa jáde. Afásíà ni dókítà pè é. Láìpẹ́ yìí, àwọn olùwádìí kan fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní àwọn ń kó èrò jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, kí gbogbo ayé lè fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí ìwádìí afásíà kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn tó kàwé nípa ẹ̀ ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n wádìí ni? Kí ni ọkọ mi, tí wọn ò lè sọ gbólóhùn kan parí, fẹ́ bá wọn sọ? Ṣé ohun tó ń dun wá níbí náà ló ń dun àwọn tó wà lókè òkun?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, mà, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ so pọ̀. Ti àárín ni màá kọ́kọ́ mú, torí pé bí ọkọ yín ò bá ní nǹkan kan láti bá àwọn olùwádìí sọ lóòótọ́, ìwé náà ò wúlò, ẹ lè jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkọ yín ní nǹkan láti sọ. Afásíà kì í ṣe àìsàn làákàyè. Ibi tí ọpọlọ ti ń to èdè pọ̀ ló fara pa, apá òsì ni ibẹ̀ sì sábà máa ń wà. Rọpárọsẹ̀ ló ń fà á jù: nínú ẹni mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ bá kọ lù, bí ẹnì kan ló máa ń ní in. Ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu àwọn kan. Àwọn mìíràn á máa sọ̀rọ̀ geere, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ò ní yé ẹnikẹ́ni. Ti ẹlòmíràn, kíkà àti kíkọ ló bá a lọ. Síbẹ̀ ẹni náà mọ ọmọ rẹ̀, ó mọ ohun tí òun fẹ́ àti ohun tí òun kò fẹ́, ó sì mọ̀ dáadáa bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ òun lójú òun bí ẹni pé òun ò sí níjòókòó.

Ọkùnrin tí ìmọ̀ òde òní nípa afásíà tara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an fi èyí hàn. Leborgne lorúkọ rẹ̀, ilé ìwòsàn Bicêtre lẹ́bàá Paris ló ń gbé. “Tan” ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀, àfi èébú kan tó máa ń bọ́ bí inú bá bí i. Ní ọdún 1861, dókítà Paul Broca bi í pé ọdún mélòó ló ti lò níbẹ̀. Ó na ìka ọwọ́ kan, gbogbo márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá na ẹyọ kan lé e: ọdún 21. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Broca tún bi í lọ́jọ́ kejì, ìdáhùn ò yàtọ̀. Nígbà tó máa bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Leborgne ti rí i pé ṣe ni wọ́n ń dán òun wò, inú bí i, ó sì la èébú. Ọpọlọ rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló gba òkìkí. Ní tèmi, àwọn ìka yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà.

Bí a ṣe bi ènìyàn léèrè ló ń pinnu bóyá ó máa lè dáhùn. Aura Kagan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aphasia Institute ní Toronto ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà tí a fi ń bá ẹni tó ní afásíà fọ̀rọ̀ wérọ̀, àwọn tó ń ṣètò ìpàdé ìwádìí dáadáa sì ti ń lò ó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lójú ìwé kan. Gbólóhùn á kúrú, lẹ́tà á tóbi, kókó ọ̀rọ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán kan tí kò ṣòro tú. Nísàlẹ̀, a ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́”, a ó sì fi àmì ìbéèrè kan sí i fún ẹni tó fẹ́ sọ pé ohun tí ẹ ń sọ kọ́ lòun ń sọ. Lẹ́yìn náà, a ó dákẹ́. Ibi dídákẹ́ yìí ló le jù fún àwa tí ẹnu wa yá. Tó bá fọwọ́ kan ìdáhùn kan, a ó tún un kà fún un, a ó sì yí ìbéèrè náà po ká lè mọ̀ pé ohun tó ní lọ́kàn la gbọ́, kì í ṣe ohun tó rọrùn fún wa láti gbọ́.

Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ́ káàdì sórí tábìlì, ìbéèrè ìwádìí kan lórí ìkọ̀ọ̀kan, a sì ń tò wọ́n láti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù dé orí èyí tó lè dúró. Àwa oníṣẹ́ ìwòsàn gbé iye wákàtí ìtọ́jú sókè pátápátá. Ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ fà á wálẹ̀ sí àárín. Ó mú káàdì tó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ya ènìyàn méjì tó jọ jókòó sí, ó gbé e lé òkè, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Kò gbọ́wọ́ kúrò. Olùdarí ìpàdé bi í, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ọ̀rọ̀ fi yéra: àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò wá mọ́, ó sì fẹ́ mọ ohun tó lè mú wọn padà. Kò sí ẹnì kankan nínú àwa tó kàwé tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ìyẹn. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ la ti ń fá a.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Àwọn tó kàwé nípa ẹ̀ mọ ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń fẹ́ ṣe lọ. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ á bèèrè ohun tí ẹ̀rọ náà lè dáhùn. Ní ọdún 2009, Iain Chalmers àti Paul Glasziou kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé tí a bá ro ó pọ̀, bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ayé ń ná sórí ìwádìí ìṣègùn ló ń ṣòfò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́ka sí ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń wádìí kì í ṣe èyí tó jẹ aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lógún.

Chalmers yìí kan náà wà lára àwọn tó dá James Lind Alliance sílẹ̀ ní Bìrìtìkó ní ọdún 2004. Orúkọ dókítà inú ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹni tó pín atukọ̀ 12 sí méjì-méjì ní ọdún 1747 láti mọ oúnjẹ tó ń wo àrùn tó ń ba èrìgì wọn jẹ́. Ìlànà wọn kò díjú: aláìsàn, ẹbí tó ń tọ́jú rẹ̀ àti oníṣẹ́ ìwòsàn á jókòó pọ̀, wọ́n á kó àwọn ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn jọ, wọ́n á sẹ́ wọn títí wọ́n á fi kù mẹ́wàá. Olùwádìí tí kì í tọ́jú aláìsàn kò ní ìbò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ lórí ìgbé ayé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ní Scotland, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, bí ẹni tó ní afásíà ṣe lè gbádùn padà wà lára mẹ́wàá náà. Ẹ rántí pé rọpárọsẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń sọ o, pẹ̀lú apá tó rọ, ojú tó ṣú àti àárẹ̀ tí kì í lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere sí mi. Big CACTUS ni wọ́n ń pè é, Bìrìtìkó ni wọ́n ti ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Ènìyàn 278 ló wà nínú ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn fúnra wọn yan ọ̀rọ̀ 100 tí wọ́n fẹ́ kó padà sẹ́nu wọn, orúkọ ọmọ-ọmọ, orúkọ oúnjẹ, ohunkóhun, wọ́n sì fi oṣù mẹ́fà kọ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé. Àwọn ọ̀rọ̀ náà padà lóòótọ́, ju ti àwọn tí kò lo kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ìtàkùrọ̀sọ wọn ò sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo iye ọ̀rọ̀ nìkan á jó. Ìyàwó tó ń retí kí ọkọ ẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ lálẹ́ ò ní jó. Mi ò bu ìwádìí náà kù rárá, torí pé àwọn tó ṣe é wọn nǹkan méjèèjì, wọ́n sì sọ èsì méjèèjì láìfi ọ̀kan pamọ́. Ohun tó kù ni bí ọ̀rọ̀ tó jáde níwájú kọ̀ǹpútà ṣe máa dé ibi tí ènìyàn ti ń lò ó, àwọn tó ní afásíà sì ti ń béèrè ìyẹn tipẹ́.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta, bóyá gbogbo ayé lè ní ohun kan náà tó ṣíwájú. Níbí, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í fẹnu kò.

Ìdí tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi ní láti pawọ́ pọ̀ ò ṣòro rí. Afásíà méjì kì í jọra. Ilé ìwòsàn kan lè wá ènìyàn lọ́dún kan gbáko kó má rí ju ìwọ̀nba tí ipò wọn jọra, tí wọ́n sì gbà láti kópa. Ìwádìí á wá kéré, èsì rẹ̀ á sì máa mì. Nígbà tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó èsì ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó àwọn ìdánwò ìtọ́jú tó tọ́ jọ ní 2016, ó rí 57, ènìyàn inú gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 3,002. Iye yẹn tó láti fi hàn pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń ṣiṣẹ́. Kò tó láti sọ fún yín irú èyí tó dára fún ọkọ yín, iye rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ. Ìyẹn ló mú kí Collaboration of Aphasia Trialists, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí Marian Brady ti Glasgow Caledonian University ṣáájú, lọ bẹ àwọn tó ti ṣe ìwádìí tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n kó dátà ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ènìyàn 5,928 ni wọ́n rí kó jọ láti orílẹ̀-èdè 28. RELEASE ni wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ la ti rí i pé àwọn tí èdè wọn lápapọ̀ sàn jù ni àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú tó tó wákàtí 20 sí 50, pé òye ọ̀rọ̀ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ sàn bí gbogbo ìtọ́jú náà kò bá tó wákàtí 20. Kò sí orílẹ̀-èdè kan tó lè dá rí ìyẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí tí a ò bá so wọ́n pọ̀. Ní Jámánì, wọ́n mú ènìyàn 156 tí rọpárọsẹ̀ wọn ti lé ní oṣù mẹ́fà, wọ́n fún wọn ní ìtọ́jú tó lágbára, ó kéré tán wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọn sì sàn. 2017 ni èsì jáde. Ní Ọsirélíà àti New Zealand, wọ́n mú ènìyàn 246 tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, wọ́n fi kún ìtọ́jú wọn láti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àfikún náà ò sì ju ìtọ́jú tí wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ka ọ̀kan nìkan á ṣìnà. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, nítorí ìgbà tó yàtọ̀ ni, ara tó yàtọ̀ ni, ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n sì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ni mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà. Bí a bá fẹnu kò lórí ìbéèrè mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù láyé, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì fi ohun tó wù ú wọn èsì tirẹ̀, a ò ní lè ro ó pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹni mẹ́wàá bá ń wọn àgbàdo, tí kálukú gbé kóńgò tirẹ̀ wá. Ní tèmi, ìwọ̀n ló yẹ kó ṣíwájú ìbéèrè. Sarah Wallace ti University of Queensland àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí èyí. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ní afásíà àti ẹbí wọn ní orílẹ̀-èdè méje, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó yí padà. Ìdáhùn wọn gbòòrò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: kí àwọn lè padà sínú ìgbé ayé, kí àwọn ènìyàn mọ ohun tí afásíà jẹ́, kí ọkàn àwọn balẹ̀. Ní 2019, àwọn olùwádìí gbé ohun tí wọ́n fẹnu kò sí jáde: ìwọ̀n kan fún èdè, ọ̀kan fún ìbàlẹ̀ ọkàn, ọ̀kan fún bí ìgbé ayé ṣe rí. Ṣùgbọ́n lórí bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀, wọn ò rí èyí tí gbogbo wọn gbà. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o. Ohun tí aláìsàn ń pariwo jù lọ ni àwọn onímọ̀ ò kọ́kọ́ lè gbà lórí bí wọ́n á ṣe wọ̀n ọ́n. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mú The Scenario Test, tí wọ́n ti ń gbé ọ̀ràn ojoojúmọ́ ka iwájú ènìyàn, tó sì lè fi ọwọ́, àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ dáhùn, kó sì gba máàkì fún gbogbo rẹ̀. Leborgne ì bá gba máàkì nínú ìyẹn.

Ohun tí kò lè jẹ́ ti gbogbo ayé wà pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Yúróòpù díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa afásíà ti wá. Wọn kì í kàn túmọ̀ ìdánwò láti èdè kan sí òmíràn: ọ̀rọ̀ tó kúrú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbì kan lè gùn kó sì ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, ìdánwò náà á wá le ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á sì ka àìsàn sí ẹni tí kò ní i lọ́rùn. Àwọn tó ń gbé Comprehensive Aphasia Test, ìdánwò afásíà kan tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, lọ sínú àwọn èdè mìíràn ní láti tún ọ̀rọ̀ yàn, kí wọ́n tún àwòrán yà, kí wọ́n sì dán an wò lára àwọn tí ara wọn le kó tó di ohun èlò. Ẹ wá wo àwọn èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà, bíi èyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti wádìí ohun tó ń ṣe ohùn nígbà tí ọpọlọ bá fara pa nínú èdè Ṣáínà àti Thai, ṣùgbọ́n àwọn èdè olóhùn pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń sọ ju èdè kan lọ. Èwo ni kí a tọ́jú? Ṣé èyí tí a bá tọ́jú á fa ìkejì dìde? Tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n fi ń kó èrò ayé jọ, ẹ ò ní bá irú ìbéèrè yìí lókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ò ti tó nǹkan. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò ní bi yín bóyá wákàtí 20 dára ju 50 lọ. Ohun tó máa bèèrè ni ẹni tó máa fún òun ní ẹyọ kan, àti bóyá ẹbí tàbí aládùúgbò tí wọ́n kọ́ dáadáa lè ṣe nínú iṣẹ́ náà. Tí àtòkọ àgbáyé kan ò bá ní irú ìbéèrè yẹn nínú, àtòkọ àwọn ọlọ́rọ̀ ni, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sí àkọlé rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kékeré kan, fún àwọn tó bá fẹ́ fi ìbò pinnu gbogbo nǹkan. Ìwádìí ìpìlẹ̀, bíi bí ọpọlọ ṣe ń tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìpalára, kì í sábà jáwé olúborí lórí tábìlì káàdì, torí pé aláìsàn ò lè dìbò fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ronú kàn. Ó yẹ kí owó díẹ̀ máa wà nílẹ̀ fún un láìgba ìbò.

Nípa ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ má kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yan àkókò tí ara ọkọ yín yá, òwúrọ̀ sábà máa ń dára. Ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tirẹ̀ bí mo ṣe sọ, ìwọ̀nba díẹ̀ lóòjọ́, kí ẹ tún padà sórí àwọn ìdáhùn náà lọ́jọ́ mìíràn bóyá wọn ò yí. Tí wọ́n bá fẹ́ tọ́ka sí ohun tí ìwé náà ò mẹ́nu bà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi àwọn olùwádìí náà ní nǹkan mẹ́ta: ṣé ẹni tó ní afásíà wà lára àwọn tó máa to àwọn ìbéèrè náà, ṣé wọ́n á gba ìdáhùn ní èdè tí ọkọ yín ń sọ nílé, ta ló sì ti ṣèlérí owó fún ohun tó bá bọ́ sókè? Bí wọn ò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ẹ ṣì lè kún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èrò ni wọ́n ń kó jọ, ìwádìí ò tíì dé.

Ohun kan ṣì wà. Ẹ̀yin náà ní ìbéèrè tiyín, ó ṣeé ṣe kó máà jọ ti ọkọ yín: oorun yín, iṣẹ́ yín, bí ẹ ṣe di agbẹnusọ láìtọrọ ẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ìyẹn sí, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Tó bá jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ fún ilé kan, ẹ béèrè ìkejì.